Kọ̀ǹpútà 20, ẹ̀dà kan ṣoṣo: Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ kẹ́ ẹ tó pa díìsìkì rẹ́

Ọjọ́ Ajé kan ni mo dé yàrá kọ̀ǹpútà kan ní Parakou, níbi tí mo ti ń kọ ìwé àṣekágbá ẹ̀kọ́ mi. Mo tan ẹ̀rọ tí mo máa ń lò, mo wá fáìlì mi títí, mi ò rí i. Ojú ìwé 40 ti lọ. Olè kò wọlé, iná kò jó ohunkóhun. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé láàárín ọjọ́ Àbámẹ́ta sí ọjọ́ Àìkú, wọ́n ti fi ètò tuntun bo gbogbo kọ̀ǹpútà 20 tó wà nínú yàrá náà. Kò sì sẹ́ni tó lẹ ìwé ìkìlọ̀ kankan mọ́ ilẹ̀kùn.

Inú bí mi gan-an. Ṣùgbọ́n nígbà tí ara mi wálẹ̀, mo bẹ ẹ̀gbọ́n tó ń bójú tó àwọn ẹ̀rọ náà pé kí wọ́n jẹ́ kí n jókòó tì wọ́n nígbà mìíràn tí wọ́n bá tún fẹ́ ṣe é. Ẹ̀gbọ́n gbà. Iṣẹ́ tí ì bá gba ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni wọ́n parí ní alẹ́ kan, láì lo dátà íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Mo sì tún rí bí ohun kékeré, bíi wáyà tí kò wọlé dáadáa, ṣe lè dá gbogbo iṣẹ́ dúró fún wákàtí méjì. Ohun tí mo kọ́ ni mo fẹ́ pín pẹ̀lú ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní yàrá kọ̀ǹpútà, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi iṣẹ́ yín pamọ́ síbẹ̀.

Kí nìdí tó fi jẹ́ àsìkò yìí?

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, ilé iṣẹ́ Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ààbò ọ̀fẹ́ dúró fún Windows 10. Wọ́n fún àwọn tó ń lò ó nílé láàyè láti forúkọ sílẹ̀ fún àfikún àkókò, títí di ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá ọdún 2026. Ẹ̀rọ tí kò bá gba àtúnṣe mọ́ á ṣì máa tàn, ṣùgbọ́n ihò tí àwọn ọlọ́ṣà orí íntánẹ́ẹ̀tì bá rí lára rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bá a dí i.

Windows 11 ní tirẹ̀ ń béèrè RAM 4GB, àyè 64GB lórí díìsìkì, àti ẹ̀ṣọ́ kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0. Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ Intel ni, ìran kẹjọ tó jáde ní 2017 ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí ti bẹ̀rẹ̀. Kọ̀ǹpútà àlòkù tó dàgbà ju ìyẹn lọ kì í sábà kójú òṣùwọ̀n. Nítorí náà, ẹni tó ní yàrá kọ̀ǹpútà ní láti yàn: Windows 11 fún èyí tó lè gbé e, Linux fún èyí tí kò lè gbé e. Èyíkéyìí tó bá yàn, àfi kó tún ẹ̀rọ tò.

Láti Kútọnu dé Parakou lé ní 400 kìlómítà. Kì í ṣe gbogbo ìgbà la lè ránṣẹ́ pe onímọ̀ láti ibẹ̀, owó dátà kò sì jẹ́ kéèyàn lè máa fa ètò ńlá wálẹ̀ lórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀dà kan tó dára, tó wà lọ́wọ́ wa níbí, ló máa gbà wá.

Àwọn kan ti ń ṣe irú rẹ̀ nítòsí wa. Ní Tógò, ẹgbẹ́ YovoTogo àti JUMP Lab'Orione ń bá Emmabuntüs ti ilẹ̀ Faransé ṣiṣẹ́ láti fi Linux sọ kọ̀ǹpútà àlòkù di ọ̀tun fún àwọn ilé ẹ̀kọ́.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́?

Ẹ̀dà díìsìkì ni gbogbo ohun tó wà lórí díìsìkì kọ̀ǹpútà kan tí a kó jọ: ètò tó ń darí ẹ̀rọ, àwọn irinṣẹ́ iṣẹ́, àti bí a ṣe tò wọ́n. Ẹ tún kọ̀ǹpútà kan ṣe dáadáa, ẹ mú ẹ̀dà rẹ̀, ẹ wá tẹ ẹ̀dà náà sórí 19 tó kù. FOG, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2007, àti Clonezilla, tó wá láti Taiwan, ni irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ méjì tí àwọn èèyàn ń lò jù fún iṣẹ́ yìí.

Kí ẹ̀dà tó lè wọlé, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tàn láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, láì gbára lé díìsìkì tirẹ̀. Ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé ni PXE tí Intel gbé kalẹ̀, tí ìpele 2.1 rẹ̀ jáde ní 1999.

Ẹ wò ó bí àlejò tó dé Parakou lóru, tí kò mọ ẹnì kankan. Ó ké ní gbangba pé, ta ló máa fún mi nílé? DHCP ni onílé tó dá a lóhùn: ó fún un ní àdírẹ́ẹ̀sì, ó sì júwe ibi tó ti máa rí oúnjẹ. Tó bá débẹ̀, TFTP á gbé oúnjẹ náà fún un, ìyẹn fáìlì kékeré tó máa fi jí. Fáìlì yẹn ló máa wá pe ètò tó ń tẹ ẹ̀dà. Tí ohùn àlejò kò bá jáde, tí onílé kò bá dáhùn, tàbí tí oúnjẹ kò bá sí, ẹ̀rọ kò ní tàn.

Ẹ jọ̀ọ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí à ń wí yìí kì í ṣe íntánẹ́ẹ̀tì. Wáyà inú yàrá yín ni, àpótí switch tó so wọ́n pọ̀, àti kọ̀ǹpútà kan tó ń ṣe sáfà. Kódà tí kò bá sí dátà ní gbogbo àdúgbò, iṣẹ́ náà á lọ.

Ẹ ka ohun tí ẹ̀rọ kọ sójú

Àṣìṣe tí mo rí jù ni pé tí ẹ̀rọ bá kọ̀ láti tàn, àwọn èèyàn á sáré sọ pé díìsìkì ti bàjẹ́, wọ́n á lọ ra òmíràn. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ti sọ ibi tó ń dùn ún. Ẹ fi fóònù ya ohun tó kọ kó tó kọjá lọ.

Tó bá kọ PXE-E61, ẹ wo wáyà. Ṣé iná kékeré tó wà níbi tí wáyà ti wọlé tàn? Ẹ pààrọ̀ wáyà, tàbí kẹ́ ẹ gbé e sí ojúhò mìíràn lára switch. Ẹ má gbára lé Wi-Fi, wáyà ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́.

Tó bá kọ PXE-E51, tàbí PXE-E16 lára àwọn ẹ̀rọ tuntun, onílé kò dáhùn nìyẹn. Ṣé sáfà wà ní títàn? Ṣé DHCP ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀? Tó bá jẹ́ switch tó gba ètò ni, ó lè jẹ́ pé ètò kan tí wọ́n ń pè ní spanning tree ń dá ojúhò dúró fún bíi ìṣẹ́jú àáyá 30 kó tó ṣí i, tí ẹ̀rọ á sì ti sú kó tó ṣí. Portfast tí wọ́n bá tàn fún ojúhò náà ló máa yanjú rẹ̀.

Tó bá kọ PXE-E53, onílé ti dáhùn, ṣùgbọ́n kò júwe oúnjẹ. Rọ́tà tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì ló sábà ń fa èyí, nítorí òun náà máa ń pín àdírẹ́ẹ̀sì. Onílé méjì kò gbọ́dọ̀ máa dá àlejò kan lóhùn. Ẹ pa DHCP rọ́tà, kẹ́ ẹ fi ti sáfà sílẹ̀. Tí rọ́tà bá sì gbà bẹ́ẹ̀, ẹ fi àdírẹ́ẹ̀sì sáfà sí option 66, kẹ́ ẹ fi orúkọ fáìlì sí option 67.

Tó bá kọ PXE-E32, àlejò mọ ọ̀nà, ilẹ̀kùn ló tì. Ẹ wò ó bóyá TFTP ń ṣiṣẹ́, àti bóyá firewall ti dí ojú ọ̀nà UDP 69 lórí sáfà. PXE-T01 ní tirẹ̀ túmọ̀ sí pé fáìlì kò sí níbẹ̀. Ẹ yẹ orúkọ rẹ̀ wò lẹ́tà kan sí èkejì, nítorí lórí Linux, lẹ́tà ńlá àti lẹ́tà kékeré kì í ṣe ọ̀kan náà.

Tí gbogbo èyí bá pé tí ẹ̀rọ ṣì kọ̀, ó lè jẹ́ oúnjẹ tí kì í jẹ ni wọ́n gbé fún un. Ẹ̀rọ àtijọ́ tó ń lo BIOS ń fẹ́ fáìlì tirẹ̀. Lórí FOG, undionly.kpxe ni. Èyí tó ń lo UEFI ń fẹ́ ipxe.efi tàbí snponly.efi. Bákan náà, Secure Boot lè kọ fáìlì tí kò ní òǹtẹ̀ tó mọ̀. Ẹ pa á nígbà iṣẹ́, kẹ́ ẹ sì tàn án padà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí BitLocker bá wà lórí ẹ̀rọ náà, ẹ rí i dájú pé kọ́kọ́rọ́ ìṣílẹ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan Secure Boot.

Ó tàn, ṣùgbọ́n ẹ̀dà kò wọlé

Tí irinṣẹ́ bá ní òun kò rí díìsìkì kankan, ẹ wọ inú ètò BIOS. Ó ṣeé ṣe kí díìsìkì wà lórí RAID tàbí Intel RST. Ẹ yí i sí AHCI. Windows àtijọ́ tó wà lórí rẹ̀ lè má tàn mọ́ lẹ́yìn ìyẹn, nítorí náà, ẹ kó fáìlì kúrò ṣáájú.

Tó bá jẹ́ pé mímú ẹ̀dà ló ń ṣòro, ẹ yẹ ẹ̀rọ tẹ́ ẹ ti fẹ́ mú un wò. Windows tó wà lórí Fast Startup kì í kú tán tẹ́ ẹ bá pa á, irinṣẹ́ á sì kọ̀ láti fọwọ́ kan díìsìkì rẹ̀. Ẹ pa Fast Startup, ẹ tú BitLocker, ẹ wá pa ẹ̀rọ náà pátápátá. Kẹ́ ẹ tó mú ẹ̀dà Windows, ẹ tún lo Sysprep, kí ẹ̀rọ 20 má baà máa fi àmì ìdánimọ̀ kan náà rìn.

Ẹ rántí pé ẹ̀dà tí a mú láti díìsìkì 500GB lè kọ̀ láti wọ díìsìkì 240GB, kódà tí ohun tó wà nínú rẹ̀ kò bá ju 30GB lọ. Ẹ̀rọ tí díìsìkì rẹ̀ kéré jù nínú yàrá ni kẹ́ ẹ fi ṣe àpẹẹrẹ.

Kí ló dé tó fi ń falẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Ká ní ẹ̀dà yín jẹ́ 20GB. Lórí switch 100 megabit, ẹ̀rọ kan á gbà á ní bíi ìṣẹ́jú 27. Tẹ́ ẹ bá fún ẹ̀rọ 20 lẹ́ẹ̀kan náà, tí kálukú ń fa tirẹ̀ lára sáfà kan, ó di wákàtí mẹ́sàn-án. Lórí switch gigabit, iṣẹ́ kan náà kò ní tó wákàtí kan. Tẹ́ ẹ bá wá lo multicast, sáfà á sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo yàrá á gbọ́ pọ̀. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó ra sáfà tuntun, ẹ wo switch yín.

Àǹfààní ìmọ̀ yìí kò mọ sí yàrá kékeré. Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2024, àtúnṣe kan tó ní àbùkù láti ilé iṣẹ́ CrowdStrike dá kọ̀ǹpútà Windows bíi mílíọ̀nù 8.5 dúró káàkiri àgbáyé. Àwọn òṣìṣẹ́ ní láti máa rìn láti ara ẹ̀rọ kan dé òmíràn. Microsoft gbé irinṣẹ́ àtúnṣe jáde, títàn láti orí PXE sì wà lára ọ̀nà tí wọ́n fi lè lò ó. Ẹni tó ti ní ètò rẹ̀ nílẹ̀ kò ní láti gbé fíláàṣì kiri.

Kẹ́ ẹ tó tẹ bọ́tìnì

Àṣìṣe tó burú jù kì í kọ nọ́ńbà kankan sójú ẹ̀rọ. Òun ni kéèyàn ṣi ọ̀nà gbà. Lórí FOG, Capture ń fa ẹ̀dà láti ara ẹ̀rọ wá sórí sáfà, Deploy ń tẹ̀ ẹ́ láti sáfà sórí ẹ̀rọ. Lórí Clonezilla, savedisk àti restoredisk ni. Ẹni tó bá ṣi wọ́n mú lè fi ẹ̀rọ tó ti bàjẹ́ bo ẹ̀dà rere, tàbí kó fi ẹ̀dà bo iṣẹ́ ẹlòmíràn. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kejì kà á pẹ̀lú yín kẹ́ ẹ tó tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ gbìyànjú rẹ̀ lórí ẹ̀rọ kan kẹ́ ẹ tó ṣe é lórí 20. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà síbi méjì tó yàtọ̀ síra. Ẹ so sáfà àti switch mọ́ ohun tó ń gbé iná dúró. Tí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, ẹ má sọ pé ẹ̀rọ ti kú. Díìsìkì rẹ̀ kò pé ni, ẹ tún un tàn láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Lékè gbogbo rẹ̀, ẹ kìlọ̀ fún àwọn tó ń lo yàrá ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi náà, kọ̀ǹpútà tí gbogbo ayé ń lò kì í ṣe àpótí ìṣúra. Ẹ gbé iṣẹ́ yín sórí fíláàṣì, kẹ́ ẹ tún fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ímeèlì ara yín.

Mo tún ìwé mi kọ, láti inú ìwé àkọsílẹ̀ tí mo fi ọwọ́ kọ. Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìgbà tí mo kọjá ní yàrá náà kẹ́yìn, ìwé kan ti wà lára ilẹ̀kùn, lédè Faransé lókè, Yorùbá nísàlẹ̀: ẹ kó fáìlì yín kúrò kó tó di ọjọ́ Ẹtì.