Ta Ló Ni Ìran Tó Wà Níwájú Ilé?

Aládùúgbò mi, ẹ bi mí léèrè ìdí tí ilẹ̀ tó kọjú sí adágún Ẹlẹ́yẹlé n'Ìbàdàn fi wọ́n ju èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ, àti bóyá ó yẹ kí ẹ rà á. Bí ọkàn yín bá fẹ́ ẹ, èmi ò ní ní kí ẹ má rà á. Ilé téèyàn ti ń jí rí omi àti igi ń tu ọkàn lára, owó tí a bá sì ná lórí irú ìtura bẹ́ẹ̀ kò ṣòfò. Kìkì pé ó yẹ kí ohun tí owó náà ń rà yé yín dáadáa.

Adágún yẹn kì í ṣe àdáyébá. Odò Ọ̀nà ni ìjọba amúnisìn sé ní 1942 kí ará Ìbàdàn lè rí omi ẹ̀rọ mu, igi tó yí i ká ló sì jẹ́ kí ibẹ̀ tutù. Nígbà náà, ẹ̀yìn ìlú ni. Lónìí, ìlú ti gbòòrò dé Apẹ̀tẹ̀ àti Ológunẹ̀rú, ó sì ń lọ láìdúró ní ìhà Mọ́níyà, níbi tí ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Èkó bọ̀ ti ń dúró láti 2021. Kì í ṣe ìran omi nìkan là ń fẹ́, ìfẹ́ orí òkè pàápàá ti pẹ́ lára àwa ará Ìbàdàn. Láti ìgbà tí àwọn jagunjagun ti tẹ ìlú yìí dó ní nǹkan bí 1829 ni òkè ti wúlò fún wọn láti rí ọ̀nà jíjìn, àwọn tó bá sì gun Láyípo ní Òkè Ààrẹ, ilé ìṣọ́ tí wọ́n kọ́ ní 1936, mọ bí ìlú ṣe máa ń rí látòkè.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá sanwó, kí lẹ rà? Ilẹ̀ tó wà láàárín òkúta ààlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ rà. Omi tí ẹ ń wò, ti ìjọba ni. Pápá tó wà láàárín ẹ̀yin àti omi, ti ẹlòmíràn ni, ó sì lè kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì síbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílé ẹjọ́. Ní Ìlú Ọba ní 1610, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ William Aldred pe aládùúgbò rẹ̀ lẹ́jọ́ torí pé ó kọ́ ilé ẹlẹ́dẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀. Aldred jàre nítorí òórùn. Àmọ́ inú ẹjọ́ kan náà ni wọ́n ti sọ ọ́ pé ìran tó dùn-ún wò, ìgbádùn lásán ni, òfin kò ní gbèjà ẹni tí wọ́n bá dí i mọ́ lójú. Òfin Ìlú Ọba yẹn ni ilé ẹjọ́ tiwa náà jogún.

Nítorí náà, ẹ má wo adágún nìkan nígbà tí wọ́n bá mú yín débẹ̀. Ẹ wo ilẹ̀ iwájú. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà kan, pẹ̀lú òrùlé rẹ̀, máa ń ga tó mítà méje sí mẹ́sàn-án. Bí ilẹ̀ iwájú bá fi mítà mẹ́ta péré rẹlẹ̀ sí tiyín, ilé tó bá dìde níbẹ̀ á bo gbogbo ohun tí ẹ ń wò láti yàrá ìsàlẹ̀. Bó bá fi mítà mẹ́wàá rẹlẹ̀, ọkàn yín lè balẹ̀ díẹ̀. Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ lè wọn ìyàtọ̀ yìí fún yín láàárọ̀ ọjọ́ kan, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ilẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé ẹni díẹ̀ ló ń béèrè fún un.

Ti ẹni tó bá fẹ́ sún mọ́ omi kí nǹkan kan má bàa dí i lójú tún yàtọ̀. Ní 26 oṣù kẹjọ 2011, òjò rọ̀ ní Ìbàdàn títí omi fi gbé afárá Apẹ̀tẹ̀ lọ, ẹ̀mí tó sì bọ́ káàkiri ìlú lé ní ọgọ́rùn-ún. Odò kì í gbàgbé ọ̀nà rẹ̀. Ìjọba náà ní ìwọ̀n tó gbọ́dọ̀ wà láàárín ilé àti etí omi, ilé tó bá wọ inú rẹ̀ lè rí àmì ọ̀dà pupa lára ògiri nígbàkigbà. Ẹ lọ wo ibẹ̀ lọ́jọ́ kejì òjò ńlá, kí ẹ sì wá ipa omi lára igi àti ògiri.

Orí òkè ní ìṣòro tirẹ̀. Àpáta ló wà lábẹ́ púpọ̀ nínú òkè Ìbàdàn. Ìpìlẹ̀ á lágbára lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n kànga tí wọ́n bá gbẹ́ lè máà kan omi bí kò bá bọ́ sójú ibi tí àpáta ti là, omi sókawéè náà kì í sì í tètè wọlẹ̀ lórí àpáta. Ẹ bi àwọn tó ti ń gbé ibẹ̀ bóyá táńkà ló ń gbé omi wá fún wọn, àti bóyá típà máa ń lè gòkè lásìkò òjò. Ìjì òjò wa sábà máa ń ti ìlà-oòrùn wá, orí òkè ló sì máa ń kọ́kọ́ gbá, torí náà kí káfíńtà de òrùlé yẹn dáadáa. Bó bá jẹ́ ìwọ̀-oòrùn ni fèrèsé ńlá kọjú sí, oòrùn ìrọ̀lẹ́ á máa sun yàrá náà. Ẹ fi fàràndà tó jìn síwájú rẹ̀.

Ti ìwé, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, kí olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí jọ fọwọ́ sí i, torí títà tí olórí ẹbí kò sí níbẹ̀, òfo ni. Láti 1978 tí òfin ilẹ̀ ti jáde, gómìnà ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ilẹ̀ tó ní ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìjọba (C of O) kí ó tó ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Ẹ sì mú àwòrán ìwọnlẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ìjọba, kí wọ́n wò ó bóyá ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé ilẹ̀ náà. Létí adágún, èyí ṣe pàtàkì ju ibòmíràn lọ.

Ọ̀nà kan ṣì wà tí ẹ fi lè dáàbò bo ìran yẹn. Bí ẹbí tó ń ta ilẹ̀ fún yín bá ṣì ni ilẹ̀ iwájú, ẹ ní kí lọ́yà kọ ọ́ sínú àgírímẹ̀ǹtì pé kò sí ilé tó gbọ́dọ̀ ga ju báyìí lọ níbẹ̀, kí tọ̀tún tòsì fọwọ́ sí i. Irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ lè de ẹni tó bá ra ilẹ̀ iwájú lẹ́yìn náà, bó bá ti mọ̀ nípa rẹ̀ kó tó rà á. Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín ni kí ẹ ti ṣe é, torí ẹni tó ti gbowó tán kò ní ìdí láti de ara rẹ̀. Ẹ̀yin àti àwọn ará ẹ̀yìn tún lè dáwó jọ ra ilẹ̀ iwájú, kí ẹ fi ṣe ọgbà. Bí àwọn ẹbí bá sì ń sọ pé kí ẹ fọkàn balẹ̀, pé ẹnikẹ́ni ò ní kọ́lé síbẹ̀, síbẹ̀ tí wọn ò fẹ́ fọwọ́ síwèé, iye tí wọ́n ń ta ilẹ̀ ẹ̀yìn ni kí ẹ san fún èyí tí ẹ fẹ́ rà.