Ẹ Fi Okùn Àwọ̀n Wọn Ikùn Yín

Ọ̀rọ̀ ikùn ni mo gbé wá lónìí, ikùn tó máa ń ṣáájú ẹni tó ni ín wọlé. Nílẹ̀ wa, tí ọmọkùnrin bá ti ń yọkùn díẹ̀díẹ̀, wọ́n á ní, "Ayé ti ń yẹ ẹ́ o!" Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Àmọ́ ikùn yẹn máa ń sọ ewu tó wà lára ju iye kílò téèyàn wọ̀n lọ, okùn lásán la sì lè fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìlànà ẹ̀ ò le rárá: ìwọ̀n ikùn yín ò gbọdọ̀ tó ìdajì gíga yín. Ẹni tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 5 àti ínǹṣì 8, ínǹṣì 68 nìyẹn, ìdajì ẹ̀ jẹ́ 34. Kí ikùn ẹ̀ má dé 34. Lọ́dún 2022, NICE, ìyẹn àjọ tó máa ń la ìlànà ìtọ́jú sílẹ̀ fáwọn dókítà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní káwọn èèyàn máa fi yẹ ara wọn wò. Tẹ́ ẹ bá fi gíga pín ìwọ̀n ikùn, 0.4 sí 0.49 dáa; 0.5 sí 0.59, ewu ti ń pọ̀ sí i; tó bá ti di 0.6 sókè, ewu náà ga gan-an. Nọ́ńbà kan náà ni fún ọkùnrin àti obìnrin, dúdú àti funfun. Margaret Ashwell, onímọ̀ oúnjẹ kan lọ́hùn-ún, ti ń polówó ẹ̀ láti àwọn ọdún 1990. Lọ́dún 2012, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ kó àwọn ìwádìí tí wọ́n ti ṣe lára èèyàn tó lé ní 300,000 jọ, wọ́n sì rí i pé ó ń tọ́ka sí ẹni tí ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àrùn ọkàn ń dẹ̀ ju BMI lọ.

Ohun tó mú mi rántí Awoye nìyí. Etí òkun ni Awoye wà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ, ìpínlẹ̀ Oǹdó, ọkọ̀ ojú omi lẹ sì máa wọ̀ débẹ̀. Nínú ìròyìn, ẹ kì í sábà gbọ́ orúkọ ìlú yìí àfi tí òkun bá tún gbé ilé lọ, tàbí tọ́rọ̀ epo bá ṣẹlẹ̀, bíi ti kànga epo Ororo tó gbiná nínú òkun ìtòsí wọn lọ́dún 2020. Ta ló ń béèrè nípa ẹ̀jẹ̀ ríru wọn? Ẹni tó bá fẹ́ àyẹ̀wò gidi, ó di kó gba ojú omi lọ sí ọ̀nà Ìgbókọ̀dá. Owó ọkọ̀ nìyẹn, odindi ọjọ́ iṣẹ́ kan nìyẹn. Òṣùwọ̀n téèyàn ń gùn gan-an, ilẹ̀ líle tó tẹ́jú ló ń fẹ́ kó tó sọ òótọ́. Ilé orí òpó tí wọ́n fi pákó tẹ́ nílẹ̀ ò bá a lára mu. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti ń tún àwọ̀n ṣe lójoojúmọ́, ṣé okùn ló máa wọ́n?

Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é rèé. Ẹ wá okùn tí kì í nà, ti rọ́bà ò dáa. Ẹ bọ́ bàtà, ẹ dúró ṣánṣán, kẹ́nì kan fi ẹsẹ̀ tẹ okùn náà mọ́lẹ̀ ní gìgísẹ̀ yín, kó fà á dé àtàrí, kó gé e níbẹ̀. Ẹ ká a sí méjì ọgbọọgba. Ẹ fọwọ́ wá ibi tí egungun ìhà parí sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, ẹ tún wá orí egungun ìbàdí. Agbedeméjì wọn ni okùn máa gbà yí ikùn ká, lórí awọ, kì í ṣe lórí aṣọ. Ẹ mí jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fa ikùn mọ́ra, okùn ò fẹ́ ya fọ́tò. Tí ìpẹ̀kun méjèèjì bá pàdé, tó tún ṣẹ́kù, ó dáa. Tí wọn ò bá fojú kanra, ikùn ti ju ìdajì lọ.

Ẹ má fi nọ́ńbà ṣòkòtò yín dáhùn o. Mo mọ àwọn bọ̀ọ̀dá tó ti ń wọ 34 láti yunifásítì títí dòní. Ìgbànú wọn ló kàn ń sọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ ikùn lọ́dọọdún.

BMI tẹ́ ẹ máa ń rí lórí fóònù ńkọ́? Adolphe Quetelet, onímọ̀ ìṣirò ará Bẹ́ljíọ́ọ̀mù, ló hùmọ̀ ẹ̀ ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn. Kì í ṣe dókítà, kì í sì í ṣe àìsàn ló ń wá. Bí èèyàn ṣe ń rí ní gbogbogbòò ló fẹ́ mọ̀. BMI ò mọ ìyàtọ̀ iṣan sí ọ̀rá. Ká sọ pé apẹja kan l'Awoye ga ní sẹ̀ǹtímítà 170, ó wọ̀n kílò 80, àwọ̀n fífà ti jẹ́ kí apá ẹ̀ le, ikùn ẹ̀ sì jẹ́ 80. BMI ẹ̀ lé ní 27, wọ́n á ní ó ti sanra jù. Okùn ní 0.47. Ẹ wá mú àbúrò ẹ̀ tó ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà n'Íkẹjà: gíga kan náà, kílò 70, ikùn 92. BMI ẹ̀ jẹ́ 24, wọ́n á kí i kú oríire. Okùn ní 0.54. Nínú àwọn méjèèjì, ta ló yẹ kó sáré lọ ṣàyẹ̀wò?

Ibi tí ọ̀rá jókòó sí ló fà á. Láti ọdún 1947 ni Jean Vague, dókítà ará Faransé kan, ti sọ pé ọ̀rá òkè ara àti ti ikùn léwu ju ti ìdí àti itan lọ. Ọ̀rá abẹ́ awọ, ẹ lè fọwọ́ mú un. Ti inú lọ́hùn-ún ló ń wé mọ́ ìfun àti ẹ̀dọ̀, ó sì ń tú ọ̀rá sínú ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ẹ̀dọ̀ tààrà. Bó bá pẹ́, insulin, tó ń kó ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ò ní rí iṣẹ́ ẹ̀ ṣe dáadáa mọ́. Ṣúgà á gbókè, ẹ̀jẹ̀ á máa ru, ara ò sì ní ro yín rárá.

Ohun kan wà tó máa ń bí mi nínú. Nígbà tí àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìtọ̀ ṣúgà ń pín ìwọ̀n ikùn fún ìran kọ̀ọ̀kan lọ́dún 2006, wọ́n ní káwa ará Áfíríkà máa lo ti àwọn òyìnbó ná, sẹ̀ǹtímítà 94 fún ọkùnrin, 80 fún obìnrin, títí tí tiwa fi máa wà. Ẹ mọ bí aṣọ àgbàbọ̀ ṣe ń rí lára. Ìdajì gíga yín, ara tiyín ni wọ́n ti gé e.

Ẹ̀yin ọmọ Ìlàjẹ tẹ́ ẹ ti kó wá s'Ékòó tàbí tẹ́ ẹ ti sọdá òkun, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín jù. Lọ́dún 1997, Richard Cooper, Charles Rotimi, Babatunde Osotimehin tó padà di mínísítà ètò ìlera wa, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn tí ìran wọn ṣẹ̀ wá láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ní Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù, ẹ̀jẹ̀ ríru mú 16 nínú 100. Ní erékùṣù Caribbean, ó di 26. L'Amẹ́ríkà, 33. Ìran kan náà o! Ara sísanra àti iyọ̀ inú oúnjẹ wà lára ohun tí wọ́n rí nídìí ẹ̀. Púpurú àti ọbẹ̀ marúgbó tí bàbá yín ń jẹ lẹ́yìn tó ti fa àwọ̀n látàárọ̀, ẹ̀yin náà lè máa jẹ ẹ́, àmọ́ ta ló bá yín fa àwọ̀n?

Tí okùn bá já yín kulẹ̀, kì í ṣe pé àìsàn ti mú yín. Ẹ lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti máa yé yín. Okùn yìí ò wà fún aláboyún. Ikùn tó wú lójijì tàbí tó le gbandi, ó lè jẹ́ omi, ó lè jẹ́ ìju. Dókítà ni kẹ́ ẹ gbé e lọ bá. Ẹ má sì ju okùn náà nù. Àgbàlagbà kì í ga sí i mọ́, torí náà ó máa bá yín lò pẹ́. Ẹ ta kókó síbi tí ikùn dé lónìí, kẹ́ ẹ tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kẹ́ ẹ wo apá ibi tí kókó tuntun máa bọ́ sí.