Ṣé o mọ̀? Ológbò tó ń gbé orí yanrìn

Ṣé o mọ̀ pé ológbò igbó kan wà ní aṣálẹ̀ Sàhárà, títí dé òkè Aïr ní orílẹ̀-èdè Niger, tó lè pẹ́ gan-an kó tó fẹnu kan omi? Omi ara eku tó bá pa ti tó o. Irun bo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bíi bàtà, kí yanrìn gbígbóná má baà jó o. Ó ń sùn nínú ihò lọ́sàn-án. Tó bá di òru, ó ń ṣọdẹ, kódà ó ń pa paramọ́lẹ̀, òun tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju kílò 3 lọ!

Nínú ọgbà ẹranko, ọ̀rinrin lọ̀tá rẹ̀. Àìsàn èémí kì í pẹ́ mú un, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi í sí yàrá gbígbẹ. Ọyẹ́ Jos lè tẹ́ ẹ lọ́rùn o. Àmọ́ Zawan, nítòsí Jos níbẹ̀, lóṣù kẹjọ, tí òjò ti kún kòtò ìwakùsà dẹ́nu? Kò lè gbé e.