Ilẹ̀ A Máa Dárí Jini, Ṣùgbọ́n Kì í Gbàgbé

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ẹni tí ó bá ra ilẹ̀ sí Ibafo tí kò tètè kọ́lé sí i yóò mọ̀ pé òtítọ́ ni òwe náà. Bí òjò ọdún kan bá ti rọ̀ sí i, igbó a gba ilẹ̀ padà, ìtàkùn a gun ògiri, kùkùté tí ó rò pé ó ti kú a sì rú ewé tútù. Agbára tí Ẹlẹ́dàá fún ilẹ̀ láti wo ara rẹ̀ sàn kò kéré.

Àwọn àgbẹ̀ baba wa mọ èyí kí ìwé tó dé. Bí wọ́n bá ti ro oko fún ọdún mélòó kan, wọn a fi í sílẹ̀ kí ó sinmi. Gbogbo ayé pẹ̀lú ti rí irú rẹ̀. Ní ọdún 1987, àwọn orílẹ̀-èdè fohùn ṣọ̀kan ní ìlú Montreal láti fòpin sí àwọn kẹ́míkà inú fíríìjì tí ó ń ba ìbòrí òfuurufú jẹ́, èyí tí ó ń gbà wá lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn tí ó léwu. Lónìí, ìbòrí náà ti ń sàn díẹ̀díẹ̀. Bí ènìyàn bá ṣíwọ́ ìbàjẹ́, ilẹ̀ kì í di kùnrùngbùn.

Ṣùgbọ́n ìdáríjì kì í ṣe ìgbàgbé. Láti ìgbà tí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ti ṣí ní ọdún 1978 ni ilé ti ń pọ̀ sí i ní Magboro, Ibafo àti Mowe. A kò bá ẹnikẹ́ni wí. Ta ni kò fẹ́ òrùlé tirẹ̀? Ohun tí a ń wí ni pé púpọ̀ nínú ibi tí a ń da iyanrìn dí, ilé omi ni. Odò Ògùn tí ó ń kọjá lábẹ́ afárá Kara kò jìnnà, inú rẹ̀ ni omi tí a sé sí Ọ̀yán láti ọdún 1983 sì ń ṣàn sí nígbà tí a bá ṣí i sílẹ̀ lákòókò òjò. Omi a máa wá ilé rẹ̀ àtijọ́ kiri. Bí ó bá bá gọ́tà tí ó dí pa, inú yàrá wa ni yóò gbà kọjá.

Kí ni ó dí gọ́tà? Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe. Ìdílé tí ó bá ń mu àpò piọ́ wọ́tà kan lóòjọ́ ń sọ ọ̀rá 20 nù. Ní ọdún kan, ó di 7,300. Ewé tí a fi pọ́n mọ́ínmọ́ín a jẹrà, a sì sọ ilẹ̀ di ọlọ́ràá. Ọ̀rá tiwa yìí kì í jẹrà bọ̀rọ̀. Bí a bá sì dáná sun ún, èéfín rẹ̀ ni àwọn ọmọ wa yóò fà símú.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kò nira. Kí a gbé apẹ̀rẹ̀ tàbí àpò lọ sí ọjà. Kí a kó èèpo iṣu àti ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí ìdí ọ̀gbìn. Kí a ya ike àti ọ̀rá sọ́tọ̀ fún àwọn tí ń rà wọ́n. Kí a má ṣe fi kọnkéré bo gbogbo àgbàlá, kí omi lè rí ibi wọlẹ̀. Kí a sì gbin igi kan, ìbáà ṣe àgbọn tàbí máńgòrò.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀dọ̀ yín ni ẹ̀kọ́ yìí yóò ti ta gbòǹgbò. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, bí ẹni tí ń wá ìbò bá dé, ẹ má ṣe béèrè ìrẹsì nìkan. Ẹ béèrè gọ́tà, ẹ béèrè ọkọ̀ akólẹ̀, kí ẹ sì bi í léèrè ẹni tí ó fọwọ́ sí i pé kí a kọ́lé sójú omi. Ṣùgbọ́n ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tí ó da ọ̀rá sí gọ́tà ní òwúrọ̀, ẹnu rẹ̀ kò gbà á láti pe ìjọba lẹ́jọ́ ní ìrọ̀lẹ́.

Ilẹ̀ ti ṣe tán láti bá wa rẹ́. Ọwọ́ àwa ni ó kù sí.