Ìdí tí ìwàásù nìkan ò fi lè dín ìsanrajù ọmọdé kù nílé ìwé àwọn mẹ̀kúnnù

Lọ́dọọdún ní England, wọ́n máa ń wọn gíga àti ìwúwo àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba, nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lọ́mọ ọdún 4 sí 5, àti nígbà tí wọ́n bá pé ọdún 10 sí 11. Ohun tí wọ́n ń rí kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀: ìsanrajù ọmọdé ládùúgbò àwọn mẹ̀kúnnù tó ìlọ́po méjì ti àdúgbò àwọn olówó.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Southwark, níbi tí Peckham wà, wà lára ibi tí ìṣòro náà ti le ní London, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn wa fi ṣelé.

Tí ẹ bá sọ fún ìyá àgbà kan nílé pé ọmọ tálákà ló ń sanra jù, á ní irọ́ lẹ ń pa. Lójú tiwa, ẹni tó rí jẹ ló ń sanra. Ṣùgbọ́n ní London, chips, adìyẹ díndín àti ẹlẹ́rìndòdò ló pọ́ọ́kú, tó sì ń tètè yóni. Òbí tó ń ṣiṣẹ́ méjì, ìgbà wo ló fẹ́ ráàyè se ẹ̀fọ́?

Kí ni wọ́n wá ṣe? Ohun tó kọ́kọ́ ń wá sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn ni kí wọ́n la àwọn ọmọ lọ́yẹ̀. Wọ́n dán an wò ní West Midlands, nílé ìwé tó lé ní 50, láàárín àwọn ọmọ ọdún 6 sí 7. Fún odidi ọdún kan, wọ́n fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kún eré ìdárayá ojoojúmọ́, wọ́n kọ́ òbí àtọmọ ní oúnjẹ sísè, kódà ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Aston Villa dá sí i. Nígbà tí èsì jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ lọ́dún 2018, ìwúwo àwọn ọmọ náà ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn tí wọn ò ṣe nǹkan kan fún.

Kò yani lẹ́nu. Ọmọ tó gbọ́ ìwàásù láàárọ̀, iwájú ṣọ́ọ̀bù adìyẹ kan náà ló máa gbà lọ sílé.

Ohun méjì ló ti so èso díẹ̀. Àkọ́kọ́ ni oúnjẹ ọ̀fẹ́. Southwark, Newham, Islington àti Tower Hamlets ti ń fún gbogbo ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lóúnjẹ ọ̀sán kí Mayor Sadiq Khan tó sọ ọ́ di ti gbogbo London ní September 2023. Àwọn olùwádìí Yunifásítì Essex rí i pé ìsanrajù dín kù láwọn àdúgbò mẹ́rin yẹn, pàápàá láàárín àwọn ọmọ kéékèèké. Òfin ló ń darí ohun tí wọ́n ń sè nílé ìwé, kò sófin fún èyí tọ́mọ ń gbé wá láti ilé.

Ìkejì ni owó orí ṣúgà, tó bẹ̀rẹ̀ ní April 2018. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, tí ṣúgà inú 100ml bá tó gíráàmù 5, 18p ni iléeṣẹ́ ń san lórí lítà kan; tó bá tó gíráàmù 8, 24p ni. Tí ò bá tó 5, wọn ò san kọ́bọ̀. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ yáa dín ṣúgà kù kí ọjọ́ tó pé. Ìwádìí Yunifásítì Cambridge tó jáde lọ́dún 2023 fi hàn pé ìsanrajù àwọn ọmọbìnrin ọdún 10 sí 11 fi nǹkan bí ìdá 8 nínú 100 kéré sí bí ì bá ṣe rí, àǹfààní náà sì pọ̀ jù ládùúgbò àwọn tálákà. Ti àwọn ọmọkùnrin ò yí padà.

Àwa nílé ńkọ́? Ebi ṣì ni ìṣòro tó pọ̀ jù fún ọmọ ilé ìwé ìjọba. Ìdí nìyẹn tí Ọ̀ṣun fi bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ ọ̀fẹ́ lọ́dún 2012, tí ìjọba àpapọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ lọ́dún 2016. Àmọ́ ẹ wo ohun tí wọ́n ń tà lẹ́nu géètì ilé ìwé l'Ékòó. Òfin Ìnáwó ọdún 2021 fi N10 lé lítà ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò kan. Lórí ìgò 50cl, náírà 5 péré nìyẹn. Ṣúgà inú rẹ̀ ì báà kéré, ì báà pọ̀, N10 náà ni. Iléeṣẹ́ wo ló máa tìtorí ìyẹn dín ṣúgà kù?

Ibi tó yẹ káwọn aṣòfin ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: kí owó orí náà máa tẹ̀ lé ìwọ̀n ṣúgà. Tá a bá ní ká dúró dìgbà tí Mushin bá dà bíi Peckham, àwọn ọmọ ló máa fi ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru san gbèsè náà.