Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé tó Fún Àwo Mẹ̀kúnnù Níyì

Ní Komaba, nílùú Tokyo, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan wà tí kò wá àwo ọba kiri. Àwo tí àwọn olóúnjẹ ẹ̀bá ọ̀nà fi ń bu ẹ̀fọ́ àti ẹja sísè fún èrò wà lára ohun tí wọ́n tò síbẹ̀. Nihon Mingeikan ni orúkọ rẹ̀, oṣù Kẹwàá ọdún 1936 ni wọ́n sì ṣí i.

Ìlú Seto, níbi tí iṣẹ́ amọ̀ ti jẹ́ àjogúnbá, ni púpọ̀ nínú àwọn àwo yìí ti wá. Àwo tí wọ́n ń pè ní ishizara nípọn, ó wúwo, wọ́n sì sun ún títí ó fi le bí òkúta. Èyí tí wọ́n ń pè ní umanome ní àwòrán róbótó tó ká sínú ara rẹ̀ bí ojú ẹṣin, yíká ẹnu àwo. Àwo aburazara ni wọ́n ń gbé sínú àtùpà tí wọ́n fi bébà bò, kó lè gba epo tó bá ń kán. Àwọn amọ̀kòkò fi ọwọ́ kíá ya òkè, koríko àti ọkọ̀ ojú omi sí i. Wọn kì í sábà kọ orúkọ wọn sí i.

Nígbà tí àtùpà epo òyìnbó àti iná mànàmáná dé, aburazara kò níṣẹ́ mọ́. Ọjà òwúrọ̀ ní Kyoto wà lára ibi tí Yanagi Soetsu (1889–1961), olùdásílẹ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà, ti ń ra ohun ìlò àtijọ́ tí àwọn olówó kò kà sí. Òun pẹ̀lú àwọn amọ̀kòkò Hamada Shoji àti Kawai Kanjiro ló bẹ̀rẹ̀ sí pe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní mingei, ìyẹn iṣẹ́ ọwọ́ mẹ̀kúnnù, ní ọdún 1925. Èrò Yanagi ni pé ẹni tó ń ya àwòrán kan náà lójoojúmọ́ kì í ráyè ṣe fáàrí, ibẹ̀ sì ni ẹwà iṣẹ́ rẹ̀ ti ń wá.

Yanagi fi àwọn ohun tó kó jọ lọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba ní Tokyo, wọn ò gbà á. Owó tí oníṣòwò Ohara Magosaburo ará Kurashiki gbé kalẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ ti Komaba. Lónìí, nǹkan bí 17,000 ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ló wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń ra àwo àtijọ́, ẹ má fi àbàwọ́n epo àti ojú ibi tó ti họ lára aburazara ṣe àléébù. Iṣẹ́ tó ti ṣe ni wọ́n ń jẹ́rìí sí. Ohun a ní là ń náání; ẹni tó bá fọ ẹ̀rí yẹn dànù ti ba ohun tó fowó rà jẹ́.