Nígbà tí àwọn olórin olówó ní kí wọ́n ṣọ́ íntánẹ́ẹ̀tì: ta ni yóò wá ṣọ́ ẹ̀ṣọ́?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní olè tó jí kàkàkí ọba, níbo ni yóò ti fọn ọ́n? Láyé àtijọ́, ọ̀rọ̀ náà kò ní àríyànjiyàn nínú, nítorí pé ẹni tó bá jí ohun tó ń dún, dídún ohun náà ni yóò tú u fó. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí íntánẹ́ẹ̀tì ti dé, òwe yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Ẹni tó jí orin olórin lórí kọ̀ǹpútà lè máa gbọ́ ọ nínú yàrá rẹ̀, kó sì pín in fún ẹgbẹ̀rún èèyàn tí kò mọ̀ rí, láìsí pé ohunkóhun sọnù nínú ilé ẹni tó ni orin. Owó tó yẹ kó wọlé fún un ni kò ní í wọlé mọ́. Ibi tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn láàárín àwọn olórin, àwọn tó ń gbọ́ orin wọn, àti àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì, ìjà náà sì ti lé ní ogún ọdún báyìí.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà jí orin náà kò ṣòro láti yéni. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Jámánì ló ṣe ọgbọ́n kan tí wọ́n ń pè ní MP3, èyí tó máa ń fún orin pọ̀ títí tí yóò fi kéré tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá bó ṣe wà nínú àwo síídì. Lọ́dún 1999, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Amẹ́ríkà, Shawn Fanning, tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún, gbé ètò kan tó ń jẹ́ Napster jáde. Napster fúnra rẹ̀ kò kó orin kankan pamọ́, iṣẹ́ alárinà ló ń ṣe. Ó ń ṣàkọsílẹ̀ orin tó wà nínú kọ̀ǹpútà oníkálukú, bí ẹnìkan bá sì ń wá orin kan, yóò júwe ẹni tó ní in fún un, àwọn méjèèjì yóò sì gbà á lọ́wọ́ ara wọn láìsan kọ́bọ̀.

Ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì Metallica ti di olówó tipẹ́ kí Napster tó dé. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé orin wọn kan tí wọn kò tíì parí, ‘I Disappear’, ti ń dún lórí rédíò, wọ́n tọpasẹ̀ rẹ̀ dé Napster, wọ́n sì gbé ilé-iṣẹ́ náà lọ sílé-ẹjọ́ ní oṣù Kẹrin ọdún 2000. Ní oṣù Karùn-ún, onílù wọn, Lars Ulrich, kó ìwé lọ sí ọ́fíìsì Napster. Orúkọ 335,435 ló wà nínú ìwé náà, orúkọ àwọn tí wọ́n ní wọ́n ń pín orin Metallica kiri. Napster ti ilẹ̀kùn mọ́ ohun tó lé ní ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú wọn. Ọ̀pọ̀ àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ náà bínú, wọ́n ní kí ni olówó tún ń wá nínú àpò tálákà. Ṣùgbọ́n oníṣẹ́ ló ni iṣẹ́ rẹ̀, ìbáà jẹ́ olówó, ìbáà jẹ́ akúṣẹ̀ẹ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tó ń gbé orin jáde náà pe ẹjọ́ tiwọn, ilé-ẹjọ́ sì dá wọn láre. Nígbà tó di oṣù Keje ọdún 2001, Napster kógbá sílé.

Bí wọ́n ṣe gé ẹ̀ka kan ni òmíràn ń hù. Àwọn ètò bíi Kazaa àti LimeWire gbapò Napster, àwọn wọ̀nyí kò sì ní àkọsílẹ̀ kan tó wà lójú kan tí ilé-ẹjọ́ lè pàṣẹ pé kí wọ́n pa rẹ́. Ni ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń gbé orin jáde ní Amẹ́ríkà bá kọjú ìjà sí àwọn tó ń gbọ́ orin. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2003, èèyàn 261 ni wọ́n pè lẹ́jọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọbìnrin ọlọ́dún méjìlá kan wà lára wọn, tó ń gbé nínú ilé tí ìjọba kọ́ fún àwọn mẹ̀kúnnù ní New York. Ẹgbẹ̀rún méjì dọ́là ni ìyá rẹ̀ san kí ọ̀rọ̀ náà tó tán nílẹ̀. Lọ́dún 2007, wọ́n dá obìnrin kan lẹ́bi pé kó san 222,000 dọ́là lórí orin mẹ́rìnlélógún péré. Ní ìparí ọdún 2008, ẹgbẹ́ náà ní àwọn kò ní í pe irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ni wọ́n ti pè lẹ́jọ́ nígbà náà, síbẹ̀ jíjí orin kò dáwọ́ dúró.

Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti gba ibòmíràn yọ. Bí ọwọ́ kò bá lè tẹ olè lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣé kò yẹ kí oníbodè tí gbogbo èrò ń gbà lọ́dọ̀ rẹ̀ kọjá máa yẹ ẹrù wọn wò? Oníbodè ibí yìí ni àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì. Ní oṣù Kìíní ọdún 2008, Paul McGuinness, tó jẹ́ máníjà ẹgbẹ́ olórin U2 ti ilẹ̀ Ireland nígbà náà, sọ ọ́ ní gbangba níbi ìpàdé àwọn oníṣòwò orin ní Cannes, nílẹ̀ Faransé, pé àwọn ilé-iṣẹ́ yìí ń jèrè lórí orin tí wọ́n jí, kí àwọn náà dìde sí i. Nígbà tó di oṣù Kìíní ọdún 2010, Bono, akọrin U2, tún un kọ nínú ìwé ìròyìn New York Times. Ó ní ọ̀nà tí Amẹ́ríkà ń gbà gbógun ti àwọn tó ń fi àwòrán bíba ọmọdé jẹ́ ṣòwò, àti ọ̀nà tí ìjọba China ń gbà pa àwọn alátakò lẹ́nu mọ́, èyí tí òun náà kò fọwọ́ sí, fi hàn pé ó ṣeé ṣe láti mọ ohun tó ń kọjá lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ orin, tí kò tíì sí ẹni tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì láti wò wọ́n, ni olè ń pa lára jù.

Òdodo wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Eré tí U2 ṣe káàkiri ayé láti ọdún 2009 sí 2011 pa owó tó lé ní 700 mílíọ̀nù dọ́là. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé àwo orin àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde kò ní irú odò bẹ́ẹ̀ láti pọn. Àpẹẹrẹ China ni ọ̀pọ̀ èèyàn kò lè gbé mì. Kí oníbodè tó lè mọ̀ pé orin ló wà nínú ẹrù kan, ó gbọ́dọ̀ tú u wò. Kó sì tó lè rí ti olè, àfi kó tú ti gbogbo èèyàn: lẹ́tà ọkọ sí aya, ọ̀rọ̀ aláìsàn pẹ̀lú dókítà rẹ̀, ọ̀rọ̀ akọ̀ròyìn pẹ̀lú ẹni tó ń ta á lólobó. Bí wọn kò bá sì tú ẹrù, tí wọ́n kàn ń tẹ̀ lé nọ́ńbà tí ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì fún ilé kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà náà kò lè sọ bóyá baálé ni, tàbí ọmọ rẹ̀, tàbí àlejò tó sùn síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan.

Ilẹ̀ Faransé dán an wò. Òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 2009 ní kí wọ́n kìlọ̀ fún èèyàn lẹ́ẹ̀mejì, bó bá di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, kí wọ́n gé íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà, ìgbìmọ̀ tó ń dáàbò bo ìwé òfin ilẹ̀ náà ní lílo íntánẹ́ẹ̀tì ti wọ inú òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ gé e àfi adájọ́. Wọ́n tún òfin náà ṣe, ṣùgbọ́n nígbà tó di oṣù Keje ọdún 2013, ìjọba yọ ìjìyà gígé íntánẹ́ẹ̀tì kúrò pátápátá. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tó jọ ọ́ lọ́dún 2010, wọn kò sì fi abala gígé íntánẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ ṣiṣẹ́ rí. Ní Amẹ́ríkà, nígbà tí àwọn aṣòfin fẹ́ gba agbára láti dí ìkànnì tí wọ́n bá fẹ̀sùn olè kàn, Wikipedia ti ojú ewé rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì fún odindi ọjọ́ kan, ní ọjọ́ 18 oṣù Kìíní ọdún 2012. Ariwo náà pọ̀ débi pé àwọn aṣòfin gbé àbá ọ̀hún tì.

Ohun tí ẹ̀ṣọ́ kò lè ṣe, ọjà ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Lọ́dún 2003, Apple bẹ̀rẹ̀ sí í ta orin kọ̀ọ̀kan ní sẹ́ńtì 99. Lọ́dún 2008, Spotify bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀ Sweden, níbi tí èèyàn ti lè gbọ́ orin tó bá wù ú bó bá ń san owó oṣooṣù, tàbí kó gbọ́ ìpolówó ọjà dípò owó. Nígbà tí orin tó bófin mu ti rọrùn ju èyí tí wọ́n jí lọ, ọ̀pọ̀ èèyàn yà síbẹ̀. Àjọ àgbáyé àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń gbé orin jáde ní 29.6 bílíọ̀nù dọ́là ni òwò orin pa lágbàáyé lọ́dún 2024, nǹkan bí ìdá 69 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló sì wá láti ibi irú ìkànnì wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n olórin kékeré tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ jà kò tíì bọ́. Láti ọdún 2024, orin tí wọn kò bá gbọ́ tó ìgbà 1,000 láàárín oṣù méjìlá kò ní í mú kọ́bọ̀ wálé fún ẹni tó kọ ọ́ lórí Spotify.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí Nàìjíríà. Kí íntánẹ́ẹ̀tì tó gbòde, àwọn olórin fújì àti jùjú ti ń sunkún nítorí àwọn tó ń ṣe ẹ̀dà kásẹ́ẹ̀tì àti síídì wọn tà lọ́jà Alábà ní Èkó. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọ̀dọ́ gbé kọ̀ǹpútà kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tí wọ́n ń kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún orin sínú fóònù fún ẹni tó bá ní owó táṣẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Àwọn olórin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde pẹ̀lú máa ń fúnra wọn bẹ àwọn oníkànnì pé kí wọ́n bá àwọn gbé orin àwọn síbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kí ayé lè mọ̀ wọ́n. Ohun tó kọjú sí ẹnìkan, ẹ̀yìn ló kọ sí ẹlòmíràn.

Òfin tuntun lórí ẹ̀tọ́ àwọn oníṣẹ́ ọpọlọ, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù Kẹta ọdún 2023, gbé ọ̀rọ̀ náà wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó fún olórin láyè láti kọ̀wé sí ìkànnì tó gbé orin rẹ̀ láìgbàṣẹ pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Ó tún fún àjọ ìjọba tó ń rí sí ẹ̀tọ́ náà lágbára láti dí ojú ìkànnì tí wọ́n bá ní ìdí láti gbà pé ó ń jí iṣẹ́ oníṣẹ́. Àǹfààní gidi ni apá àkọ́kọ́ yìí fún ẹni tó ń fi orin jẹun. Apá kejì ló yẹ kí aráàlú la ojú sí. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2021 títí di oṣù Kìíní ọdún 2022, àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù dí ojú Twitter ní Nàìjíríà pẹ̀lú àṣẹ ìjọba, lórí ọ̀rọ̀ tí kò kan orin rárá. Oníbodè ti wà nílẹ̀, ó sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń ti ibodè.

Kí wọ́n kọ́kọ́ lé akátá jìnnà, kí wọ́n tó fàbọ̀ bá adìẹ wí, èyí kò ní àríyànjiyàn nínú. Ẹni tó ń jí iṣẹ́ olórin ni akátá, kò sì yẹ kí wọ́n dá a sí. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá fún ní kùmọ̀ láti fi lé akátá, ó yẹ kí adájọ́ wà tí aráàlú lè ké sí bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi kùmọ̀ ọ̀hún na àwọn ará ilé. Igi gangan-an-ran má gùn mí lójú, òkèèrè ni wọ́n ti ń wò ó.